Ojú Tí Tíṣà Fi Ń Wo Ọmọ

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé lọ́dún 1964, wọ́n fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní South San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní orúkọ àwọn ọmọ kan tó wà nínú kíláàsì wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ṣe ìdánwò kan tó ti Yunifásítì Harvard wá, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé làákàyè wọn máa là lọ́dún yẹn, pé wọn yóò yára kọjá bí ẹnikẹ́ni ṣe rò. Àwọn olùkọ́ gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá Harvard jiyàn? Ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdánwò tí àwọn ọmọ náà ṣe kàn jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n làákàyè; kò lè sọ ẹni tí làákàyè rẹ̀ máa là lọ́la. Ńṣe ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí fa orúkọ yọ bí ẹni ṣẹ́ gègé, bíi ọmọ kan nínú márùn-ún, nínú kíláàsì 18 tó wà nílé ẹ̀kọ́ náà. Ọkàn tíṣà nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí àti ẹgbẹ́ wọn wà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n tún ìdánwò kan náà ṣe. Ní kíláàsì kìíní, máàkì àwọn tí wọ́n fa orúkọ wọn yọ ti fi nǹkan bíi 27 gòkè, ti àwọn yòókù sì fi 12 gòkè. Ní kíláàsì kejì, àwọn tí wọ́n fa orúkọ wọn yọ fi ohun tó lé ní 16 gòkè, àwọn yòókù fi 7. Láti kíláàsì kẹta sókè, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. Robert Rosenthal, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Harvard, àti Lenore Jacobson, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1968 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé tí wọ́n pè ní Pygmalion in the Classroom, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán títí dòní.

Rosenthal kò ti orí ọmọ èèyàn bẹ̀rẹ̀. Eku ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní eku funfun pé kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wá ọ̀nà nínú àpótí tó kún fún kọ̀rọ̀. Ó sọ fún àwọn kan pé ìran eku tó gbọ́n ni tiwọn ti wá, ó sọ fún àwọn yòókù pé ìran òpònú ni tiwọn. Àwọn eku náà kò yàtọ̀ síra rárá. Síbẹ̀, eku àwọn tí wọ́n sọ fún pé tiwọn gbọ́n ló mọ ọ̀nà jù. Nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, ó hàn pé àwọn tó gbà pé eku wọn gbọ́n ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un, wọ́n ń gbé e déédéé, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí Rosenthal kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1963, ó béèrè bóyá irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín olùkọ́ àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Jacobson kà á, ó sì kọ lẹ́tà sí i pé bó bá fẹ́ wádìí, ilé ẹ̀kọ́ òun wà níbẹ̀. Ìgboyà obìnrin yìí wú mi lórí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ wò ó bóyá àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń dá ọmọ lẹ́jọ́ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Àwa Yorùbá kò ní pẹ́ rí ohun tí a máa pe irú nǹkan báyìí. Orúkọ ń ro ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń fi oríkì jí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Nítorí náà, ó rọrùn láti sọ pé àfọ̀ṣẹ ni ọ̀rọ̀ South San Francisco. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún àwọn ọmọ náà. Wọn kò sọ fún àwọn òbí wọn. Àwọn olùkọ́ pàápàá, nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, sọ pé fìrí làwọn wo orúkọ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rántí ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ta ló sọ ọ́, ta ló sì gbọ́ ọ? Ìṣe ni. Ìṣe kéékèèké ni, tí ẹni tó ń ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Rosenthal lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà láti kó ìwádìí àwọn ẹlòmíràn jọ, kó lè mọ ohun tí àwọn ìṣe náà jẹ́. Olùkọ́ máa ń tújú ká sí ọmọ tó bá ní ìrètí nínú rẹ̀: ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń sún mọ́ ìjókòó rẹ̀. Ohun tó ń kọ́ ọ pọ̀, ó sì le ju èyí tó ń kọ́ àwọn yòókù lọ. Ó ń pè é dìde láti dáhùn, ó ń dúró dè é. Bí ọmọ náà bá ṣì í, ó ń fi ibi tó ti ṣì í hàn án. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, méjì àkọ́kọ́ ló wúwo jù nínú ohun tí Rosenthal kó jọ: ojú rere, àti ohun tí a fi kọ́ ọmọ gan-an. Ìkejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí kò sí ẹ̀rín tó lè rọ́pò ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ ọmọ. Ẹni tí a kò kọ́ ní ìdá kò lè mọ ìdá, bó ti wù kó ní làákàyè tó.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kẹrin kan nílé ẹ̀kọ́ ìjọba tiwa níbí, tí ọmọ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ há sórí bẹ́ǹṣì. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà béèrè pé tí a bá pín 20 sí ọ̀nà mẹ́rin, tí a sì mú ọ̀nà mẹ́ta níbẹ̀, èló la mú? Ó pe ọmọ kan tó jókòó níwájú. Ọmọ náà dìde, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, “Márùn-ún, sà.” Tíṣà ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Márùn-ún ni ọ̀nà kan. Ọ̀nà mélòó la fẹ́ mú?” Ọmọ ní, “Mẹ́ta, sà.” “Ó yá, parí ẹ̀.” Ọmọ náà fi ìka kà á, ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kejì, irú ìbéèrè kan náà kan ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun náà dìde, òun náà ní, “Márùn-ún, sà.” Tíṣà ní, “Jókòó. Ta ló mọ̀ ọ́n?” Ọwọ́ mẹ́wàá gòkè níwájú.

Ìdáhùn kan náà ni ọmọ méjèèjì mú wá, ibi kan náà ni wọ́n bá a dé. Wọ́n kọ́ ọ̀kan ní ìdá, wọ́n kọ́ èkejì pé kó má dìde mọ́. Bí ẹ bá sì bi tíṣà yẹn léèrè, yóò búra pé òun kò ṣojúsàájú. Lójú rẹ̀, ó fẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú ni, kò fẹ́ fi ìtìjú pa ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àánú ló ṣe é. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn olùwádìí méjì, Jere Brophy àti Thomas Good, jókòó sínú kíláàsì kìíní mẹ́rin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí ní 1970: bí ọmọ tí olùkọ́ kà sí ọlọ́gbọ́n bá ṣì í, olùkọ́ a dúró tì í, a tún ìbéèrè náà béèrè lọ́nà mìíràn, a fi ẹsẹ̀ ọ̀nà hàn án. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, a kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mary Budd Rowe, olùwádìí mìíràn, tilẹ̀ fi aago wọn àkókò tí olùkọ́ fi ń dúró de ìdáhùn. Ó gba ohùn àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró tó ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tó bá béèrè ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Àkókò kékeré yìí pàápàá kò dọ́gba: àwọn ọmọ tí olùkọ́ gbà pé wọ́n mọ̀wé ń rí gbà ju àwọn tó gbà pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni pé ẹni tó nílò àkókò jù la ń fún ní èyí tó kéré jù. Màá padà sórí Rowe, nítorí ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́.

Ibi tí ọkàn mi ti bàjẹ́ jù nínú gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Ray Rist ṣe nínú ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú St. Louis, tó sì tẹ̀ jáde ní 1970. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọmọ ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni olùkọ́ wọn. Ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ọjọ́ kẹjọ péré tí wọ́n wọlé, olùkọ́ ti pín ìjókòó fún àwọn ọmọ sí tábìlì mẹ́ta, ìjókòó yìí kò sì yí padà títí ọdún fi parí. Wọn kò tíì ṣe ìdánwò kankan. Ohun tí olùkọ́ ní lọ́wọ́ kò ju ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó sọ ipò àwọn òbí, aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ, bí irun rẹ̀ ṣe rí àti bó ṣe ń sọ gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí aṣọ wọn mọ́, tí òbí wọn níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, jókòó sí tábìlì kìíní, nítòsí rẹ̀. Àwọn ọmọ tálákà lọ sí tábìlì kejì àti ìkẹta.

Láti ọjọ́ náà lọ, tábìlì kìíní ni olùkọ́ dojú kọ. Àwọn ni wọ́n ń ṣáájú nínú ohun gbogbo, àwọn ni wọ́n ń rán níṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Àwọn tó jìnnà kò rí ojú pátákó dáadáa, wọn kò sì gbọ́ ohun tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gòkè sí kíláàsì kìíní, àwọn ọmọ tábìlì kejì àti ìkẹta kò tíì parí iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi, torí náà orí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti wà níwájú. Wọ́n tún jókòó lọ́tọ̀. Ní kíláàsì kejì, àwọn ìjókòó náà ti ní orúkọ: àwọn ọmọ tábìlì iwájú àtijọ́ di Ẹkùn, àwọn tó kù di ẹyẹ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cardinal, àwọn tó ń tún kíláàsì ṣe di Apanilẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kò sí ní tábìlì kìíní lọ́jọ́ kẹjọ ayé rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kò sí láàárín àwọn Ẹkùn. Ìgbà yìí, olùkọ́ tuntun ní máàkì lọ́wọ́ tó lè fi hàn yín pé òun kò ṣàbòsí fẹ́nikẹ́ni. Òótọ́ sì ni máàkì náà. Ìwé tí wọn kò kọ́ ọmọ ló ti sọ ọ́ di òótọ́.

Kò yẹ ká tètè sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lèyí. Ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń pín ọmọ sí A, B, C àti D pọ̀ nílẹ̀ wa, gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló sì mọ ohun tí D túmọ̀ sí. Ọmọ D mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò tó gbóná jù kò ní í wọ kíláàsì àwọn. Ó mọ̀ pé bí ariwo bá sọ, ọ̀dọ̀ àwọn ni ọ̀gá ń bọ̀ pẹ̀lú pàṣán.

Ọmọ kì í jókòó kó kàn máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ó ń kà á bí ìwé. Ọmọ tí wọ́n ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò kọ́kọ́ dẹ́kun láti nawọ́ sókè. Lẹ́yìn náà yóò wá ibi tí ojú tíṣà kò ti ní í tètè ká a. Kò ní í béèrè ohun tí kò yé e, nítorí ẹni tó béèrè ti fi àìmọ̀ rẹ̀ hàn, wọ́n á tún pè é ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò yé e lónìí ni wọ́n máa fi ti ọ̀la lé lórí. Àwọn kan á wá nǹkan mìíràn tí wọ́n lè fi lórúkọ: wọ́n á di aláwàdà kíláàsì, tàbí oníjà, tàbí ẹni tó ń fo ògiri jáde lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. A ó wá ní ṣebí a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ọmọ yìí kò fẹ́ ìwé. Rist rí i ní St. Louis pé àwọn ọmọ tábìlì kìíní ti kọ́ láti fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé àwọn yòókù ń bú ara wọn bí wọ́n ṣe ń bú wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ohun kan tún wà nínú ìwé Rosenthal àti Jacobson tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Nílé ẹ̀kọ́ South San Francisco, àwọn ọmọ tí wọn kò fa orúkọ wọn yọ náà lè gòkè, ọ̀pọ̀ sì gòkè. Nígbà tí wọ́n ní kí olùkọ́ sọ irú ìwà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n yin àwọn tí wọ́n fa orúkọ wọn yọ pé inú wọn ń dùn, pé wọ́n ń tọpinpin. Àwọn tó gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni retí rẹ̀ kò rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ gbà, pàápàá àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n kà sí aláìmọ̀wé: bí máàkì wọn ṣe ń gòkè tó ni olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ wọn láìdára tó. Bí olódo wa bá mú 18 nínú 20 wálé, ìbéèrè àkọ́kọ́ wo la máa ń bi í? “Ta lo jí i wò lọ́dọ̀ rẹ̀?” Ọmọ tó ti fi òru kàwé, tó sì gbọ́ gbólóhùn yìí láàárín kíláàsì, kò ní í fi òru kà mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí olùkọ́ gba òun gbọ́ kò gbọdọ̀ bù kún ọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ìdíwọ̀n bíi Robert Thorndike bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní máàkì àwọn ọmọ kéékèèké kan kéré débi pé ó dájú pé ìdánwò náà kò bá ọjọ́ orí wọn mu. Wọ́n ní olùkọ́ tí kò rántí orúkọ tó wà lórí ìwé, báwo ni ìwé náà ṣe lè yí ìṣe rẹ̀ padà? Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún ìwádìí náà ṣe, ìgbà mìíràn ó jọ ọ́, ìgbà mìíràn kò jọ ọ́. Ní 2005, Lee Jussim àti Kent Harber gbé iṣẹ́ ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ pé agbára ìretí olùkọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tóbi tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, olùkọ́ ń retí ohun tó ń retí nítorí ó ti rí iṣẹ́ ọmọ náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìretí kò lè sọ ọmọ kan di ọ̀jọ̀gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwé àti bẹ́ǹṣì kò sì lè fi ìretí dí i.

Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tó ní kò tóbi ló rí i pé ó wúwo lórí àwọn ọmọ tí ayé ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀: ọmọ tálákà, ọmọ tó ti ń gbẹ̀yìn, aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí tíṣà kan kò kà sí ní ìyá tó máa wá béèrè, ó ní olùkọ́ lẹ́sìn tó ń wá sílé. Ọmọ tó ń kiri omi tútù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kò ní ju tíṣà lọ.

Stephen Raudenbush ló tú ìdí tí àwọn ìwádìí náà kò fi bára mu. Ó kó 18 nínú wọn jọ ní 1984, ó sì wo ohun kan: ó ti tó ọjọ́ mélòó tí olùkọ́ ti mọ àwọn ọmọ kí wọ́n tó wá sọ irọ́ náà fún un? Bí ó bá ti mọ̀ wọ́n ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, irọ́ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́. Bí kò bá tíì mọ̀ wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ọkàn olùkọ́ ṣì rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ti gbẹ. Ohun tí à ń sọ ní yàrá àwọn olùkọ́ nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ wá di ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún. “Àbúrò lágbájá nìyẹn, gbogbo wọn ni orí wọn kò gba ìwé.” “Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu lórí ìyẹn.” Ẹni tó sọ ọ́ rò pé òun ń ran ẹnìkejì òun lọ́wọ́ ni.

Nílẹ̀ wa, èdè ni ohun tó ń bo olùkọ́ lójú jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ nílé, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó dákẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá pàápàá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà, tíṣà ti pinnu pé ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí lè ka owó ọjà ìyá rẹ̀, kó mọ ṣéńjì tó kù, kó sì pa àlọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfo ibì kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ rí èyí. Ní 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, nílé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wọ́n wé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí ìṣe. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò gbẹ̀yìn, wọ́n ṣe dáadáa jù nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì fì wọ́n sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé èdè ni wọ́n ń wádìí, kì í ṣe ìretí olùkọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí olùkọ́ ṣe lè máa gbọ́ ọmọ tó ń ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì yékéyéké lójoojúmọ́, kó sì máa pè é ní òpè lọ́kàn ara rẹ̀.

Àwọn òbí náà ní tiwọn. “Ṣé orí méjì ni ẹni tó gba ipò kìíní ní?” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Mi ò bá òbí tó ń sọ ọ́ jà pátápátá, nítorí ìgbàgbọ́ wà nínú rẹ̀: ohun tó ń sọ ni pé ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe, ìwọ náà lè ṣe é. Ibi tó kù sí ni pé ìbéèrè náà kì í ní ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn. Òbí béèrè, ó bínú, ó sọ ìwé èsì sílẹ̀, táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣí ìwé ìṣirò pẹ̀lú ọmọ náà wo ibi tó ti kọ́kọ́ ṣìnà. Láti fi ohun ńlá lé ọmọ lórí láìfi ọwọ́ kan kún un, dídẹ́rù bà á ni. Ìyìn pàápàá ní bí a ṣe ń ṣe é. Claudia Mueller àti Carol Dweck fi hàn ní 1998 pé àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n yìn pé ọpọlọ wọn pé, nígbà tí iṣẹ́ tó le kàn wọ́n tí wọ́n sì kùnà, tètè juwọ́ sílẹ̀, àwọn kan sì purọ́ máàkì wọn fún ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n yìn pé wọ́n sapá tẹra mọ́ ọn. Ọmọ tí a sọ fún pé làákàyè ni ó ní rò pé àṣìṣe kan ṣoṣo yóò tú àṣírí òun.

Kí ni olùkọ́ tó ní ọmọ 60 níwájú máa wá ṣe? N kò ní sọ fún un pé kó lọ fẹ́ràn gbogbo wọn bákan náà. Ọkàn kì í gba àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sórí Mary Budd Rowe. Kò sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yí èrò wọn padà. Ó ní kí wọ́n máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọmọ sì ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè. Ojú tí àwọn olùkọ́ fi ń wo àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà wá yí padà, nítorí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn. Ìṣe ló kọ́kọ́ yí, ọkàn tẹ̀ lé e.

Kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Olùkọ́ lè kọ orúkọ gbogbo ọmọ sínú ìwé pélébé, kó dà á sínú agolo mílíìkì, kó máa fà á yọ láti mọ ẹni tó máa dáhùn, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà máa lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́wàá kan náà. Ó lè pààrọ̀ ìjókòó lóṣooṣù. Bí ọmọ bá ní márùn-ún dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó bi í bó ṣe rí márùn-ún kó tó pe ẹlòmíràn. Kó sì rí i pé iṣẹ́ tó le kan àwọn tó wà lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n á fi gun un.

Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ máa gba kíláàsì tuntun ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to àwọn ọmọ náà fún yín sí ọlọ́gbọ́n àti olódo kí ẹ tó rí wọn. Ẹ fi ìwé èsì ọdún tó kọjá sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá ṣe ti ìlera ọmọ. Ẹ̀yin òbí, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rí olùkọ́ ọmọ yín, ẹ má béèrè ipò nìkan. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pè é dìde kẹ́yìn láti dáhùn ìbéèrè, àti ohun tí tíṣà ṣe nígbà tó ṣì í.